Bí mo ṣe mú kùrukùru kúrò lára ìbòrí Spitfire mi

Spitfire oníke (àwòṣe ọkọ̀ òfurufú ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì) tí mo ń tò ní Lágere, Ilé-Ifẹ̀, kéré: ojúlówó fi ìlọ́po 72 gùn jù ú lọ, apá rẹ̀ láti ìkángun dé ìkángun kò ju sẹ̀ǹtímítà 15.6 lọ. Súpà gúlù ni mo fi lẹ ìbòrí mímọ́ gaara tó wà lórí ìjókòó awakọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti funfun bí ẹni pé wọ́n fi ẹfun kùn ún. Ó dùn mí gan-an, torí ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kun ìjókòó àti bẹ́líìtì inú rẹ̀.

Èéfín súpà gúlù ló pàdé ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, tó sì dì mọ́ ike. Òjò rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, mo sì ti gbogbo fèrèsé pa.

N kò jẹ́ kí tínà kàn án rárá. Tínà máa ń jẹ ike. Mo rọra fi abẹ yọ ìbòrí náà. Mo wé òwú mọ́ orí igi ìṣáná, mo fi ọṣẹ ìfọyín funfun díẹ̀ sí i, mo sì ń fi í yí roboto nínú ìbòrí, níbi tí funfun náà pọ̀ sí jù, títí ó fi tún ń dán. Mo fi omi ṣàn án.

Mo wá lọ bá bàbá káfíńtà àdúgbò wa. "Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bù mí ní gọ́ọ̀mù funfun yín díẹ̀."

"Gbà, ọmọ mi. Má kánjú o, ó di òwúrọ̀ ọ̀la kó tó gan."

Gọ́ọ̀mù yẹn kì í rú èéfín, bó bá sì gbẹ, kì í hàn.