Bí a ṣe ń gbé ẹ́ńjìnnì 1275 àti gíà márùn-ún sínú Morris Minor

Nígbà tí Morris Minor, ọkọ̀ kékeré ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jáde ní 1948, kò tíì sí motorway (títì márosẹ̀ tí ọkọ̀ ti ń sáré) kankan níbẹ̀. Ọdún 1958 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí àkọ́kọ́, lẹ́bàá Preston. Ẹ má wulẹ̀ bínú sí ọkọ̀ náà bó bá ń pariwo lórí motorway M1. Pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì 1098 (ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì ní cc nìyẹn) àti gíà mẹ́rin rẹ̀, bí ẹ bá fi máa dé 70 máìlì ní wákàtí, ẹ́ńjìnnì ti ń yí tó ìgbà 4,200 ní ìṣẹ́jú kan. Gíà karùn-ún á mú un wálẹ̀ sí nǹkan bí 3,500. Ohun tí iṣẹ́ yìí wà fún kò ju ìyẹn lọ: kí èèyàn lè bá ẹni tó jókòó tì í sọ̀rọ̀ láì jágbe. Ẹni tó bá fẹ́ sáré ìje, kó lọ ra ọkọ̀ mìíràn.

Mo ti rí àwọn tó ná owó gidi sórí ẹ́ńjìnnì, tí gíà wá bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ kí ọdún tó yí po. Ẹ́ńjìnnì kọ́ ni wàhálà. Ibi tí ẹ́ńjìnnì ti pàdé gíà ni wọ́n ti máa ń ba iṣẹ́ jẹ́, ibẹ̀ sì ni màá pẹ́ sí jù.

Ohun tí ẹ ó rà

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ààyè pọ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì Minor, torí pé ẹ́ńjìnnì pẹlẹbẹ onísìlíńdà mẹ́rin ni Alec Issigonis, ẹni tó ya àwòrán ọkọ̀ náà, kọ́kọ́ ní lọ́kàn fún un. Lẹ́yìn ìyẹn ló tún ní kí wọ́n la ọkọ̀ àyẹ̀wò sí méjì, kí wọ́n fi íńṣì mẹ́rin kún ìbú rẹ̀. Ààyè yìí ló ń tan àwọn èèyàn jẹ. Ẹnì kan á ní ẹ́ńjìnnì Zetec ti Ford lòun fẹ́, ẹlòmíràn á ní V8 ti Rover. Ó ṣeé ṣe, ó sì wà lójú títì, ṣùgbọ́n ẹ ó gé irin, ẹ ó jó irin, ẹ ó sì pààrọ̀ gbogbo ìdí ọkọ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ́ńjìnnì A-series 1275 ni kí ẹ wá. Mọ̀lẹ́bí ni òun àti ẹ́ńjìnnì tó ti wà níbẹ̀. Ẹ gba èyí tó ti inú MG Midget 1966 sí 1974 wá, tàbí ti Marina 1.3, tàbí Ital 1.3. Ti Ital ni mo fẹ́ràn jù, torí owó rẹ̀ kì í ga bíi ti Midget. Ti Mini àti Metro pọ́ọ́kú, ẹ sá fún un: dídábùú ni wọ́n gbé e sínú ọkọ̀, gíà rẹ̀ wà nísàlẹ̀ nínú àwo ọ́ìlì, ẹ̀yìn kíráńkì rẹ̀ (irin tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì) kò sì bá tiwa mu.

Gíábọ́ọ̀sì tí ẹ ó wá ni Type 9 ti Ford, èyí tó wà nínú ọkọ̀ Sierra. Ilé kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ṣeé tú kúrò lára rẹ̀, ìdí nìyẹn tí gbogbo ayé fi ń wá a. Ti Ford ni ẹ ó tú kúrò, ẹ ó wá fi èyí tí wọ́n rọ fún A-series rọ́pò. Kí ó jẹ́ pé ọkọ̀ onísìlíńdà mẹ́rin ni wọ́n ti yọ ọ́, torí ṣáàfù iwájú ti V6 (onísìlíńdà mẹ́fà) gùn ju tirẹ̀ lọ. Ohun kan tí n kì í gbà fún ẹnikẹ́ni ni kí ó ra ilé kílọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ Táyé, kí ó wá ra búùṣì àti pílétì lọ́wọ́ Kẹ́hìndé. Ojú kan ni kí gbogbo rẹ̀ ti wá.

Búréèkì ṣáájú

Kí ẹ má tíì fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Búréèkì ìlù ni Minor ní níwájú àti lẹ́yìn, ìwọ̀nba agbára tó ní láyé àtijọ́ ni wọ́n sì ṣe é fún. Ẹ fi búréèkì díìsìkì ti Marina tàbí Ital sí iwájú. Master cylinder (ohun tó ń ti ọ́ìlì búréèkì) wà nínú irin abẹ́ ọkọ̀, lábẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀ gan-an, torsion bar (irin gbọọrọ tó ń ṣiṣẹ́ bíi sípíríǹgì) sì dí ojú bóòtù tó mú un. Ibẹ̀ ni èébú ti máa ń jáde lẹ́nu ọmọlúàbí. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti ṣí ilẹ̀ ọkọ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pọ̀, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ta díìsìkì bóyá fáàfù kékeré tó ń dá ọ́ìlì dúró fún búréèkì ìlù gbọ́dọ̀ kúrò nínú rẹ̀. Tó bá wà níbẹ̀, díìsìkì á máa gbóná láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ búréèkì.

Yíyọ ti àtijọ́

Èyí kò le. Ẹ tú bátìrì, ẹ da omi àti ọ́ìlì, ẹ ya fọ́tò gbogbo wáyà kí ẹ tó tú u. Irin tó bo gíábọ́ọ̀sì láti inú ọkọ̀, bóòtù ló mú un, ó ń ṣí. Ẹ má tíì ta ẹ́ńjìnnì àtijọ́. Ẹ gbé méjèèjì sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ẹ wo pílétì iwájú tí síìtì ẹ́ńjìnnì (ohun tó gbé e dúró nínú ọkọ̀) ń jókòó lé, àwo ọ́ìlì, àti páìpù tó ń fa ọ́ìlì. Èyí tó bá yàtọ̀, ti Minor ni kí ẹ kó sára tuntun. Èmi kì í rọ síìtì tuntun bí ti àtijọ́ bá lè gbà á.

Ibi tí wọ́n ti ń ba iṣẹ́ jẹ́

Ṣáàfù tó yọrí níwájú gíábọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ wọ àárín gbùngbùn ẹ̀yìn kíráńkì. Ihò A-series kò bá ẹnu ṣáàfù Ford mu, búùṣì kan ló ń so wọ́n pọ̀. Ẹ kọ́kọ́ yọ búùṣì àtijọ́. Ẹ má fi ṣísẹ́lì gbẹ́ ẹ, ẹ ó ha ihò náà. Ẹ fi gíríìsì kún un, ẹ wá irin gbọọrọ tó ṣe wẹ́kú pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ fi hámà gbá a wọlé. Gíríìsì á ti búùṣì jáde láti ẹ̀yìn. Búrẹ́dì tí ẹ rẹ sómi ń ṣe iṣẹ́ kan náà, kò sì ní ìdọ̀tí. Búrẹ́dì ni èmi ń lò. Ẹ rẹ búùṣì tuntun sínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì di ọjọ́ kejì kí ẹ tó gbá a wọlé.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọn gígùn. Ẹ wọ̀n láti ojú ibi tí gíábọ́ọ̀sì máa jókòó sí lára ilé kílọ́ọ̀ṣì dé ẹnu búùṣì, kí ẹ tún wọ̀n dé ìsàlẹ̀ ihò. Ẹ wọn ṣáàfù náà. Orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọnú búùṣì dáadáa, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kan ìsàlẹ̀. Bí ìwọ̀n bá ń dà yín láàmú, ẹ lẹ amọ̀ tí ọmọdé fi ń ṣeré mọ́ ìsàlẹ̀ ihò, ẹ fi gíábọ́ọ̀sì dánwò, ẹ yọ ọ́, kí ẹ wo bí amọ̀ náà ti fẹlẹ́ tó. Ṣáàfù tó bá kan ìsàlẹ̀ á máa ti kíráńkì síwájú títí wáṣà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á fi jẹ tán. Ẹ́ńjìnnì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ti lọ nìyẹn.

Ìkẹta ni wọ́n máa ń fò. Àwọn tó ta irinṣẹ́ náà á ní ó ti bára mu láti ilé iṣẹ́, kí ẹ kàn dì í. Ẹ má gbà. Ẹ di ilé kílọ́ọ̀ṣì nìkan mọ́ ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, láìsí kílọ́ọ̀ṣì nínú rẹ̀. Ẹ fi dial gauge (aago tó ń wọn ìyàtọ̀ tín-ín-tín) tó ní ìdí òòfà lé fláíwíìlì (kẹ̀kẹ́ irin tó wà lẹ́yìn kíráńkì), kí abẹ́rẹ́ rẹ̀ kan etí ihò ńlá ẹ̀yìn ilé kílọ́ọ̀ṣì. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó lè rọ̀ yín lọ́rùn, kí ẹ fi ọwọ́ yí kíráńkì po lẹ́ẹ̀kan. Ìdajì ohun tí abẹ́rẹ́ bá kà ni ihò náà fi kúrò láàárín. Tí ó bá kà ju 0.25 mm lọ, ẹ dúró. Èmi kì í tẹ̀ síwájú tó bá ju 0.15 lọ. Dial gauge olówó pọ́ọ́kú tó o. Gíábọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tó bá bàjẹ́ ti jẹ owó rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà.

Bí kò bá bára mu, ẹ kọ́kọ́ wo pínnì kékeré méjì tó ń mú ilé kílọ́ọ̀ṣì dúró lójú kan. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n ti já sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti fọ pílétì ẹ̀yìn, kò sì sẹ́ni tó dá wọn padà. Tí wọ́n bá wà níbẹ̀, ẹ tú u, ẹ fọ ojú irin méjèèjì kúrò nínú ọ̀dà àti ìpatà, kí ẹ tún un wọ̀n. Bóòtù nìkan kò lè mú un dúró sáàárín, torí ihò bóòtù máa ń fẹ̀ ju bóòtù lọ.

Ẹni tó bá fò ó kò ní mọ̀ lọ́jọ́ náà. Ọkọ̀ á rìn. Ó wá dà bí ẹni méjì tó ń gún iyán nínú odó kan tí ọwọ́ wọn kò ṣe déédéé: ní gbogbo ìyípo, ṣáàfù á máa bá búùṣì jà. Gíà kìíní á kọ́kọ́ máa le wọlé, lẹ́yìn náà ariwo á bẹ̀rẹ̀, ọ́ìlì á máa jò níwájú, gíà á sì máa já kúrò fúnra rẹ̀. Nígbà yẹn, wọ́n á ní Type 9 kò dáa.

Síso wọ́n pọ̀

Ẹ tú ọ́ìlì sínú gíábọ́ọ̀sì nígbà tó ṣì wà nílẹ̀, kí ẹ rí i pé ìdérí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣeé ṣí. Ẹ fi igi tí ẹ wé téèpù mọ́ títí tó fi ṣe déédéé ihò mú pílétì kílọ́ọ̀ṣì sáàárín. Kò yẹ kí ẹ ra èyí tí wọ́n ń tà.

Ẹ gé orí bóòtù gígùn méjì, kí ẹ fi áyùn irin la ojú fún sukudiráfà ní ìdí wọn. Ẹ dì wọ́n sí apá òsì àti ọ̀tún, kí gíábọ́ọ̀sì gba orí wọn yọ̀ wọlé. Bí ó bá dúró, tó ku díẹ̀ kó wọ̀ tán, ẹ yí kíráńkì díẹ̀. Ẹ má ṣe fi bóòtù fà á wọlé láéláé! Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ kò gbọdọ̀ fi gíábọ́ọ̀sì kọ́ sórí ṣáàfù rẹ̀ nígbà tí ẹ lọ jẹun. Á tẹ pílétì kílọ́ọ̀ṣì. Ẹ fi jáàkì àti igi gbé e. Irin ló ń fa kílọ́ọ̀ṣì Minor, kì í ṣe ọ́ìlì, nítorí náà ẹ rí i pé irin náà kò kan ohunkóhun bí ẹ́ńjìnnì bá mì.

Pùròpẹ́là

Ẹ wọn pùròpẹ́là, irin gbọọrọ tó so gíábọ́ọ̀sì mọ́ ìdí ọkọ̀, nígbà tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nílẹ̀, kì í ṣe nígbà tí ìdí ọkọ̀ ń fì lórí jáàkì. Ẹ fún ẹni tó lè gé e, tó sì lè ṣe é kó má gbọ̀n. Ẹ má jẹ́ kí wẹ́dà àdúgbò jó o. Bí ẹnu gíábọ́ọ̀sì bá tẹ̀ sílẹ̀ ní dígírì mẹ́ta, ẹnu differential (gíà ìdí ọkọ̀) gbọ́dọ̀ gbé sókè ní mẹ́ta. Fóònù yín lè wọn ìyẹn. Bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n ní 50 máìlì, wáṣà lábẹ́ síìtì gíábọ́ọ̀sì ló máa ń yanjú rẹ̀.

Iná àti ìwé

Ẹsẹ̀ pọ́sítíìfù bátìrì ni wọ́n so mọ́ ara Minor. Bí ẹ bá fi alternator rọ́pò dáínámò, ẹ yí i padà sí négátíìfù, kí rìwáyà gidi sì ṣe é. Ẹ fọ ràdíétọ̀ kí ẹ tó dá a padà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kọ nọ́ńbà àti ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì tuntun sórí V5C (ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀), kí ẹ fi ránṣẹ́ sí DVLA (ilé iṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀), kí ẹ sì sọ fún ilé iṣẹ́ ìbánigbófò kí ẹ tó gbé ọkọ̀ jáde. Ọkọ̀ tó ti lé ní ogójì ọdún kò nílò MOT (àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún) bí àyípadà ńlá kò bá dé bá a, àmọ́ ẹ mú un lọ fún àyẹ̀wò náà lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn 500 máìlì, ẹ tún gbogbo bóòtù ilé kílọ́ọ̀ṣì àti ti pùròpẹ́là dì.