Bí A Ṣe Ń Tú Orúkọ Àìsàn Tó Gùn Gbọọrọ

Ẹ wá bébà, ẹ wá bírò búlúù kan àti pupa kan. Ẹ fọwọ́ ara yín da orúkọ náà kọ láti inú ìwé àyẹ̀wò, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn. Fọ́tò tí ẹ fi fóònù yà ò tó, torí ojú a máa sáré kọjá lórí ọ̀rọ̀ gígùn. Bí ìkọ̀wé dókítà ò bá ṣe é kà, ẹ bi nọ́ọ̀sì kí ẹ tó kúrò lọ́sibítù.

Ìdí ọ̀rọ̀ lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Èdè Gíríìkì ni wọ́n ti fa ọ̀pọ̀ nínú wọn yọ, ìparí ló sì ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bó bá parí sí -itis, ibì kan ló wú nínú ara. -Ectomy, wọ́n gé nǹkan kúrò. -Aemia, ọ̀ràn ẹ̀jẹ̀ ni. Ẹ wá wo ẹ̀yà ara tó ṣáájú rẹ̀: gastr- ni àpò oúnjẹ, hepat- ni ẹ̀dọ̀, nephr- ni kíndìnrín. Hepatitis ti tú nìyẹn.

Orí ọ̀rọ̀ ni wàhálà wà. Hyper- ni pé nǹkan ga jù, hypo- ni pé ó lọ sílẹ̀ jù. Aládùúgbò mi kan rí hypoglycaemia lórí ìwé bàbá rẹ̀ tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ó kà á sí hyper-, ló bá gba tíì aládùn lọ́wọ́ bàbá. Bàbá ń làágùn, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ náà ni mo wò: 54 mg/dL, bẹ́ẹ̀ bó bá ti wálẹ̀ kọjá 70, ṣúgà ti kéré jù. Tíì yẹn gan-an ni bàbá nílò! Kíá la dá ife padà fún wọn.

Láti ọjọ́ náà, bírò pupa ni mo fi ń fa ìlà sábẹ́ lẹ́tà tó kẹ́yìn nínú hyper- tàbí hypo-. R ni ti ru, bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ru nínú hypertension. O ni ti òfo. Lẹ́yìn náà, ẹ fi nọ́ńbà yẹ̀ ẹ́ wò, kódà bó dá yín lójú.

Bí ẹ bá rí positive lórí ìwé àyẹ̀wò, ẹ ṣọ́ òun náà o. Kò túmọ̀ sí pé ara le. Wọ́n rí ohun tí wọ́n ń wá ni.

Ìwé atúmọ̀ ìṣègùn wọ́n. MedlinePlus, ìkànnì ìlera ti ìjọba Amẹ́ríkà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni mo ń lò, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má torí ohun tí ẹ tú dá oògùn kankan dúró. Ẹ gbé bébà náà tọ dókítà lọ, kí ẹ fìka tọ́ ìlà pupa yẹn: “Dókítà, ṣé ó ga jù ni àbí ó kéré jù?”