Ọjọ́ tí mo fọ ẹ̀rọ ìfọbọ́

Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ gbọ́ òórùn náà. Wọ́n ti Oǹdó wá kí wa ní Àkúrẹ́, wọ́n wọ ilé ìdáná, wọ́n dúró. "Ìyàwó mi, ṣé ẹja ń jẹrà níbì kan níbí ni?" Mo ní kò sí ẹja. Wọ́n ṣí ẹ̀rọ ìfọbọ́, wọ́n fi imú sí i, wọ́n tì í padà jẹ́jẹ́. "Èyí ló ń fọ abọ́ tí ẹ fi ń jẹun?" Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí a jẹun alẹ́ tán, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi fọ abọ́ tiwọn.

Ohun tó dùn mí ni pé ara ti ń fu mí tẹ́lẹ̀. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ife ti ń jáde bí ẹni pé wọ́n fi ẹfun kùn ún, tí abọ́ agbọ̀n ìsàlẹ̀ sì ń yọ̀ lọ́wọ́ fún epo. Ọṣẹ ni mo dá lẹ́bi. Mo pààrọ̀ ọṣẹ lẹ́ẹ̀mejì. Owó lọ, epo ò lọ. Tòkunbọ̀ ni ẹ̀rọ yìí, àbúrò ọkọ mi ló fi ránṣẹ́ láti London nígbà tí wọ́n ń kó kúrò nílé kan bọ́ sí òmíràn, kò sì bá ìwé kankan wá. Ọdún méjì ló ti wà lọ́wọ́ wa, n kò fọ inú rẹ̀ rí. Ohun tí ọṣẹ àti omi gbígbóná ń wọ̀ lójoojúmọ́, kí ni màá tún máa fọ̀ níbẹ̀?

Àṣé omi kan náà ló ń lò lálòtúnlò. Omi tó ń fà kì í pọ̀, nǹkan bíi lítà 10 sí 15. Pọ́ǹpù á gbé e látìsàlẹ̀ sínú apá méjì tó ń yí, apá á fọ́n ọn sára abọ́, omi á ṣàn wálẹ̀, á gba inú asẹ́ kọjá, pọ́ǹpù á tún gbé e sókè. Bí asẹ́ yẹn bá ti dí, omi ìdọ̀tí lẹ fi ń wẹ abọ́ fún wákàtí méjì. Ẹ wá rò ó wò nílé tí wọ́n ti ń fi ẹ̀gúsí jẹ iyán lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀.

Ní Sátidé, mo yọ pulọ́ọ̀gì lára ògiri, mo wọ ìbọ̀wọ́, mo fa agbọ̀n ìsàlẹ̀ jáde. Ìyá ọkọ mi gbé àpótí wọn wá sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n jókòó tì mí. Omi dúdú díẹ̀ wà nísàlẹ̀, mo fi ife gbọ́n ọn, mo fi àkísà fa ìyókù. Asẹ́ náà dà bíi kọ́ọ̀bù tí a kì bọ ilẹ̀. Mo yí i sápá òsì bí ẹni ń ṣí ìgò, ó le, mo tún fi agbára yí i, ó fò jáde.

Ẹ má bi mí léèrè òórùn. Epo pupa ti dì yí asẹ́ ká, ó nípọn bí òrí, àwọ̀ rẹ̀ ti di bíi ti ẹrẹ̀. Èèpo ẹ̀gúsí wà nínú rẹ̀, egungun ẹja, etí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, àti ìdajì igi ìtayín. Bẹ́ẹ̀, inú omi gbígbóná ni epo ti ń yọ́. Ibi tí omi bá ti tutù ló ti ń dì padà, ìdí asẹ́ ló sì máa ń kọ́kọ́ tutù. Ìyá ọkọ mi wò ó, wọ́n ní, "Ẹja tí mò ń wí nìyí."

Mo rẹ asẹ́ náà sínú omi gbígbóná tó ní ọṣẹ, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ̀ ọ́. Kànìnkànìn onírin ò gbọdọ̀ kàn án, torí bí ojú asẹ́ bá ya pẹ́nrẹ́n, egungun ẹja á rí ọ̀nà dé inú pọ́ǹpù. Kí n tó dá a padà, mo fi ọwọ́ wá ihò ìsàlẹ̀ yẹn wò, mo sì rí àfọ́kù ife kan níbẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ ìbọ̀wọ́.

Apá tó ń fọ́n omi ló pa mí lẹ́rìn-ín. Kò ní mọ́tò kankan. Agbára omi tó ń tú jáde lójú ihò ara rẹ̀ ló ń yí i. Mo fa tìsàlẹ̀ yọ, mo mì ín, ó ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gúsí ni! Ihò márùn-ún ló ti dí pátápátá. Mo ń wá abẹ́rẹ́ kiri, ìyá ọkọ mi sì ti yọ ẹyọ ọwọ̀ kan nínú ìgbálẹ̀, wọ́n na án sí mi. Ó wọ ihò náà géérégé, kò ha ojú rẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni wọn ò ti jókòó mọ́.

Rọ́bà etí ilẹ̀kùn ló kàn. Ojú rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ètè ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, níbi tí omi kì í dé, ti hu nǹkan dúdú tó ń yọ̀. Mo fi àkísà àti ọṣẹ nù ún. Ìyá ọkọ mi lọ gbé bílíìṣì wá, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dá a padà. Ó ń jẹ irin inú ẹ̀rọ, bí ó bá sì pàdé fínígà tí mo fẹ́ lò, afẹ́fẹ́ tó máa jáde lè ṣe ẹ̀dọ̀fóró níjàǹbá.

Ó wá ku nǹkan funfun bí ẹfun tó lẹ̀ mọ́ ògiri inú rẹ̀. Omi bọ́hóòlù wa ló ń fi í sílẹ̀. "Ọsàn wẹ́wẹ́ ló ń bọ́ ọ," ni ìyá ọkọ mi wí. Wọ́n gé ẹyọ kan, wọ́n fún un sójú rẹ̀, ó hó ṣììì, ibẹ̀ sì ń dán. Ká ní mo ní agbọ̀n ọsàn kan ni, ibẹ̀ la ò bá parí rẹ̀ sí. Fínígà ni mo bù sínú ife kan, mo gbé e dúró sórí agbọ̀n òkè láìkó abọ́ kankan sí i, mo tan ẹ̀rọ sí omi tó gbóná jù. N kì í ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ o, torí fínígà àṣejù máa ń gbó rọ́bà.

Nígbà tó ń ṣiṣẹ́, mo sọ fún wọn pé obìnrin ló gba ìwé àṣẹ lórí irú ẹ̀rọ yìí ní Amẹ́ríkà ní 1886, Josephine Cochrane, torí pé àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ń fọ́ etí abọ́ olówó iyebíye rẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé òun náà ń jẹ iyán?"

Iná lọ láàárín iṣẹ́. Jẹnẹrétọ̀ wa, àwọn "I pass my neighbour" yẹn, kò lè gbé e, torí ohun tó ń se omi nínú ẹ̀rọ yìí nìkan ń jẹ tó kílówáàtì 2. Aago méjì òru ni iná dé, mo dìde lọ parí ẹ̀ ní òkùnkùn bí olè.

Lọ́jọ́ kejì, ife jáde kedere. Ìyá ọkọ mi gbé ọ̀kan sókè sí ojú fèrèsé, wọ́n yí i po, wọ́n gbé e sílẹ̀. Nígbà tí a jẹ iyán ọ̀sán tán, mo rí wọn tí wọ́n ń fi ìka ha eérún iyán kúrò lára abọ́ wọn sínú ìdọ̀tí, wọ́n sì gbé e lọ síwájú ẹ̀rọ.

"Ìyàwó mi, ibo lojú ẹ̀ ń kọ sí?"

Mo ní kí wọ́n kọjú rẹ̀ sí àárín.