Bí mo ṣe rí ẹ́ńjìnnì tó wọ ọkọ̀ onírìmóòtù mi

Òórùn ló kọ́kọ́ ta mí lólobó. A wà ní pápá ilé-ìwé kan ní Àpáta, n'Íbàdàn, ọkọ̀ ń sáré lórí koríko, ni àbúrò ìyàwó mi bá ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló ń rùn bíi wáyà tó ń jó yìí?" Mo sáré gbé e, mo dojú rẹ̀ délẹ̀, mo sì ta píọ̀ wọ́tà díẹ̀ sí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára. Ṣàà! Omi gbẹ kó tó ṣàn. (Lẹ́nu wa, mọ́tò ni ọkọ̀ fúnra rẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n máa pe ohun tó ń yí i ní ẹ́ńjìnnì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iná bátìrì ló ń jẹ.)

Ọkọ̀ ọ̀hún jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá ọkọ̀ gidi, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì ń fà. Ẹ́ńjìnnì 3650, 4370Kv, ni mo fi sí i. Mo rò pé bí Kv bá ṣe pọ̀ tó ni agbára ṣe pọ̀ tó. Irọ́ ni. Iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì máa yí ní ìṣẹ́jú kan fún fọ́ltì kọ̀ọ̀kan, láìru ẹrù, ni Kv ń sọ, kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi 4370 lọ́po 7.4 fọ́ltì bátìrì mi, ó lé ní 32,000. Eré bẹ́ẹ̀ lára ọkọ̀ tó wúwo, áńpì (ìwọ̀n iná tó ń ṣàn) ló ń jẹ, ẹ́ńjìnnì kékeré kò sì lára tó láti tú ooru rẹ̀ dànù. Ooru tó bá wá pọ̀ jù máa ń gba agbára mágnẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀, kì í sì í dá a padà.

3650 yẹn gan-an ló yẹ kí n ti kọ́kọ́ wò. 36 ni fífẹ̀ rẹ̀ ní mílímítà, 50 ni gígùn rẹ̀. 3660 fi mílímítà 10 gùn jù ú lọ, kọ́pà àti mágnẹ́ẹ̀tì tó wà nínú rẹ̀ sì pọ̀ sí i. 4274 wà lóòótọ́, àmọ́ ọkọ̀ ìdá kan nínú mẹ́jọ ni tirẹ̀.

Kí n tó náwó lẹ́ẹ̀kejì, mo ní kí n mọ bí ọkọ̀ yìí ṣe wúwo tó. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá tó ń ta ẹja tútù ládùúgbò wa. Ó wo ọkọ̀ lórí òṣùwọ̀n, ó wò mí. "Dádì, odò wo lẹ ti pa eléyìí?" 2.6 kg ni, tòun ti bátìrì. Fún irú ẹrù yẹn, 3660 ló bá a mu.

Ṣé ó máa wọlé? Bátìrì tọ́ọ̀ṣì ńlá ló yọ mí. Ó fẹ̀ tó bíi mílímítà 34, ó gùn tó 61. Mo wé téèpù mọ́ ọn lára títí ó fi di 36, mo sì tẹ́ ẹ síbi tí ẹ́ńjìnnì ń gbé. Ìdí rẹ̀ fẹ́ kan wáyà kọntiróólà (ohun tó ń pín iná bátìrì fún ẹ́ńjìnnì), mo sún wáyà náà sẹ́yìn, ó bọ́ sí i pẹ́ẹ́.

Mo wá pinnu láti lo bátìrì 11.1 fọ́ltì pẹ̀lú 2600Kv, kọntiróólà 80 áńpì sì rọ́pò ti 45 tí mo ń lò. Ìyẹn máa yí tó ìgbà 28,860 ní ìṣẹ́jú kan. Pẹ̀lú jíà kékeré eléyín 13 tó wà lórí ọ̀pá ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì mi máa yí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan, yíká táyà sì jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 34.5. Ẹ ṣírò rẹ̀: nǹkan bíi kìlómítà 60 ní wákàtí kan, lórí ìwé o. Koríko kò ní gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ béèrè bí ọ̀pá ẹ́ńjìnnì yẹn ṣe nípọn tó kí ẹ tó sanwó. 3660 kan wà tí ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ mílímítà 3.175, òmíràn jẹ́ 5. Jíà tó wọ èyí kò wọ tọ̀hún.

Ìgbà tí mo ń de ẹ́ńjìnnì, mo fi ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ há àárín jíà kékeré yẹn àti jíà ńlá inú ọkọ̀ kí n tó so ó le, mo sì yọ ọ́ lẹ́yìn náà. Àyè tíńtín tí ìwé fi sílẹ̀ ni kì í jẹ́ kí eyín jíà máa jẹ ara wọn.

Ojú kòkòrò kò sì tíì kúrò lójú mi: jíà eléyín 15 ni mo kọ́kọ́ fi sí i, kó lè sáré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gbé irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn iwájú orí wa nígbà Kòrónà, ó kàn kọ "HI", ìyẹn ni pé ooru ti ju agbára rẹ̀ lọ, nítorí ara èèyàn ni wọ́n ṣe é fún. Mo yá tàwọn tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe: ooru ẹ́ńjìnnì jẹ́ 92°C lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Èmi kì í fẹ́ kó kọjá 80. Mo padà sí 13.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, 68. Àbúrò ìyàwó mi gba rìmóòtù lọ́wọ́ mi, kò sì dá a padà títí bátìrì fi fẹ́ tán, tí kọntiróólà sì já iná fúnra rẹ̀.