Threadripper PRO tàbí EPYC: ìdáhùn sí àwọn ìbéèrè tó ń dé léraléra

Láti Adó dé Ìkọ̀lé, ohun kan náà ni wọ́n ń bi wá: “Ẹ̀gbọ́n, àwọn méjèèjì ní core 96, èwo ni kí n rà?” Processor ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà, core sì ni ẹ̀ka tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Méjì tí wọ́n ń sọ ni AMD Threadripper PRO 7995WX, tó jáde ní 2023, àti AMD EPYC 9654, tó jáde ní 2022. Dọ́là 9,999 ni wọ́n ń ta 7995WX nígbà tó jáde, kí a tó sọ ti motherboard àti RAM. Owó báyìí kì í ṣe owó àṣìrà. Ẹ ka gbogbo rẹ̀ tán kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Mo ti ní motherboard Threadripper nílẹ̀. Ṣé mo lè gbé EPYC sí i?

Rárá. Socket ni ibi tí processor ń jókòó sí lórí motherboard. EPYC 9654 ń lo socket SP5 tó ní pin 6096. 7995WX ń lo sTR5, pin 4844 ló wà nínú tirẹ̀. Ẹ tún ṣọ́ra fún EPYC 8004: pin 4844 ni socket SP6 tirẹ̀ náà ní, ó jọ sTR5 lójú, ṣùgbọ́n kò lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Orúkọ socket ni kí ẹ kà, ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n. Bákan náà ni heatsink, irin tó ń tu processor nínú: orúkọ socket yín gbọ́dọ̀ wà lára páálí rẹ̀.

RAM DDR5 wà lára kọ̀ǹpútà tí mo ń lò nílé. Ṣé kò ní ṣe é?

Kò ní ṣe é. RDIMM, RAM irú ti sáfà (server), ni àwọn méjèèjì ń gbà. RAM inú kọ̀ǹpútà ilé jẹ́ UDIMM, ihò rẹ̀ kò bá ti RDIMM mu. Ẹ má fi agbára tì í wọlé.

Èwo gan-an ló yára jù?

Ẹ kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi ṣe. Core irú Zen 4 kan náà ni wọ́n fi ṣe àwọn méjèèjì, L3 cache (ìrántí kékeré inú processor) ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ 384MB, lane PCIe 5.0 (ọ̀nà tí graphics card àti dísíìkì ń gbà) ìkọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 128. Ibi tó ń náni lówó tí wọ́n ti yàtọ̀ kò ju méjì lọ.

Èkíní ni eré. Core kan nínú 7995WX lè sáré dé 5.1GHz, ti 9654 kì í kọjá 3.7GHz. Ibi tí èyí ti ń hàn ni iṣẹ́ tó jẹ́ pé core díẹ̀ ló ń ṣe é: títẹ ohun kan nínú Revit, ṣíṣí fáìlì AutoCAD tó wúwo, fífi ọwọ́ yí àwòrán 3D lójú kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n 5.1GHz yẹn kì í ṣe ti gbogbo core lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí Blender, software tí wọ́n fi ń ṣe àwòrán 3D, bá gba gbogbo core 96 ṣiṣẹ́, iná tí processor láṣẹ láti jẹ ló máa dá eré dúró: 350W fún 7995WX, 360W fún 9654. Nígbà náà ni àlàfo tí ẹ ń rí lórí ìwé á dín kù gan-an. Ẹni tó bá ra 7995WX nítorí Blender nìkan, tó rò pé yóò fi ìlàjì yára ju EPYC lọ, ẹ̀bi tirẹ̀ ni, kì í ṣe ti processor.

Ìkejì ni ọ̀nà tí RAM ń gbà bá processor sọ̀rọ̀. 7995WX ní ọ̀nà 8 fún DDR5-5200, èyí tó jẹ́ 332.8GB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. 9654 ní ọ̀nà 12 fún DDR5-4800, òun jẹ́ 460.8GB. Ẹ wo garawa 96 tí wọ́n tò sí ìdí ẹ̀rọ omi: bí ẹnu ẹ̀rọ bá jẹ́ 8, garawa tó ń dúró á pọ̀ ju ìgbà tó bá jẹ́ 12 lọ, bó ti wù kí ẹni tó gbé garawa lágbára tó. Ẹni tó ń fi OpenFOAM ṣírò bí omi tàbí afẹ́fẹ́ ṣe ń ṣàn, ẹni tó ń ṣe ìṣirò ojú ọjọ́ ní yunifásítì, ẹni tí database rẹ̀ ń gbé inú RAM, EPYC ni kí wọ́n rà láìwẹ̀yìn. 9654 lè gba RAM tó 6TB. 2TB ni ti 7995WX. Ẹ sì lè fi 9654 méjì sórí motherboard kan, àfi 9654P, tí P ìdí rẹ̀ túmọ̀ sí pé òun nìkan ló gbọ́dọ̀ dá wà. Ti 7995WX kì í ní ìkejì rárá.

Ayàwòrán ilé tí Revit nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀ kò nílò ìkankan nínú méjèèjì. Ryzen 9 9950X tó ní core 16, tó ń sáré dé 5.7GHz, yóò dá a lóhùn kíákíá jù wọ́n lọ, owó rẹ̀ kò sì ní dé ẹ̀gbẹ́ owó wọn. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn nìyí, wọn kì í fẹ́ gbọ́ ọ.

Ṣé mo lè fi RAM mẹ́rin bẹ̀rẹ̀, kí n ra ìyókù tí owó bá dé?

Ó máa tan, ṣùgbọ́n ẹ ti sọ ohun tí ẹ fi owó rà nù. RAM mẹ́rin lórí EPYC yìí jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta ọ̀nà 12 péré. RAM 16GB méjìlá sàn ju 64GB mẹ́ta lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 192GB ni àpapọ̀ àwọn méjèèjì. Bí owó kò bá tó, ẹ dín core kù, kí ẹ kún ọ̀nà RAM.

Mo tẹ bọ́tìnnì, fáànù ń yí, ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Ẹ dúró. Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá tan án, motherboard máa ń dán RAM kọ̀ọ̀kan wò kí ó tó mọ bí yóò ṣe bá a sọ̀rọ̀. Bí RAM bá pọ̀, ó lè gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá pa á ní ìṣẹ́jú kẹta, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni yóò tún ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe ìdánwò yìí lórí iná NEPA láìsí inverter, kí iná má baà lọ láàárín rẹ̀.

Mo ra core 96, ṣùgbọ́n software mi ń lo 64 péré nínú thread 192.

SMT ló ń jẹ́ kí core kọ̀ọ̀kan ṣe thread méjì, ìyẹn iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Windows máa ń pín thread sí ẹgbẹ́-ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ kan kì í kọjá 64. Software tí wọn kò kọ fún èyí á jókòó sínú ẹgbẹ́ kan. Láti Windows 11 àti Windows Server 2022 ni Windows fúnra rẹ̀ ti ń jẹ́ kí software tàn kálẹ̀ dé gbogbo ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ti kọ tipẹ́ tó ń ka 64 lórí ara rẹ̀ kò ní yí padà. Ẹ pa SMT nínú BIOS (ètò inú motherboard tó ń tan kọ̀ǹpútà), kí thread 192 di 96, kí ẹ tún wọn iṣẹ́ náà. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ lo Linux, kò ní ìṣòro yìí.

Ẹ tún bèèrè bí wọ́n ṣe ń gba owó software yín. Iye core ni wọ́n fi ń ta Windows Server: gbogbo core tó wà nínú ẹ̀rọ lẹ máa san owó lé lórí, ó kéré tán 16. Core 96 jẹ́ ìlọ́po mẹ́fà èyí. Ẹni tí software rẹ̀ bá ń gba owó báyìí, kí ó wo EPYC 9374F: core 32, eré tó ń bẹ̀rẹ̀ láti 3.85GHz.

Irú iná wo ni màá fi gbé e?

Jẹnẹrétọ̀ kékeré “I better pass my neighbour” kò lè gbé e. Ẹ ṣírò rẹ̀: processor 350W, graphics card bíi RTX 4090 450W, RAM, dísíìkì àti fáànù bí 150W. Àpapọ̀ rẹ̀ ni 950W, bí power supply bá sì ti gba tirẹ̀, yóò tó 1,050W láti ara ògiri. Inverter 3kVA ni kí ẹ fi sí i, 1.5kVA á máa ké ní gbogbo ìgbà tí iṣẹ́ bá le. Bátìrì 12V 200Ah mẹ́rin, irú tí wọ́n ń bu omi sí, jẹ́ 9.6kWh lórí ìwé. Ìdajì rẹ̀ ni kí ẹ lò bí ẹ kò bá fẹ́ kí wọ́n kú kíákíá, nítorí náà kò ní tó wákàtí márùn-ún.

Gbogbo wáàtì yẹn ló ń di ooru. Ní oṣù kejì sí ìkẹta, nígbà tí ooru Adó bá mú, yàrá kékeré tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì kò ní gbà á láìsí AC. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa fọ àsẹ́ iwájú rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ̀ṣẹ̀. Heatsink EPYC tí kò ní fáànù tirẹ̀, atẹ́gùn líle inú sáfà ni wọ́n ṣe é fún; bí ẹ bá gbé e sínú kọ̀ǹpútà onídùúró tí fáànù rẹ̀ rọra ń fẹ́, eré processor á máa já sílẹ̀, ẹ ó sì máa bú AMD.

Mo ra EPYC tòkunbọ̀ láti Ìkejà. Kò tan rárá, ẹni tó tà á sì ní ó ń ṣiṣẹ́.

Ó lè jẹ́ òótọ́ ló ń sọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta sáfà odindi máa ń ti processor mọ́ motherboard tiwọn. Ohun tó ń ṣe é ni Platform Secure Boot: bí wọ́n bá ti tan processor lórí motherboard irú wọn lẹ́ẹ̀kan, fuse kan á jó nínú processor náà, láti ìgbà náà BIOS tí ilé-iṣẹ́ yẹn fọwọ́ sí nìkan ni yóò gbà. Kò sí bí wọ́n ṣe ń tú u. Ó ń ṣẹlẹ̀ sí EPYC, ó ń ṣẹlẹ̀ sí Threadripper PRO náà. Ẹ bèèrè irú sáfà tí wọ́n ti yọ ọ́, kí ẹ sì ní kí wọ́n tan án níṣojú yín lórí motherboard tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀, kì í ṣe nínú sáfà odindi. Èyí tí ẹni púpọ̀ kò mọ̀ ni pé ẹ lè gbé processor tí wọn kò tíì tì lọ fún ẹni kan kó bá yín dán an wò nínú sáfà tirẹ̀, kí ó sì tì í pa níbẹ̀.

Kí ẹ tó pariwo olè, ẹ wo BIOS: motherboard SP5 tó ti pẹ́ lórí àtẹ kò mọ EPYC 9005 tó jáde ní 2024. Ẹ fi BMC, chip kékeré tó ń ṣàkóso motherboard sáfà, gbé BIOS tuntun sí i. Kò nílò processor tó ń ṣiṣẹ́.

RAM 12 ni mo fi sí i, 11 ló ń rí. Mo ti pààrọ̀ RAM náà, kò yí padà.

Èyí ni aláìgbọràn inú wọn. Ó ti mú kí ọ̀pọ̀ dá RAM tó dára padà, kí wọ́n sì dá motherboard tó dára padà tẹ̀lé e. Ọ̀nà RAM tó sọnù sábà máa ń jẹ́ nítorí pé processor kò jókòó dáadáa. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ọ̀nà yẹn ní pin tirẹ̀ nínú 6096, díẹ̀ nínú wọn tí kò bá kan processor tó láti pa gbogbo ọ̀nà kan.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó jẹ̀bi. Ẹ gbé RAM inú ihò tó sọnù lọ sí ihò míì. Bí àìrí bá bá RAM lọ, RAM ló bàjẹ́, ọ̀rọ̀ parí. Bí ihò kan náà bá ṣì ń sọnù, ẹ fi RAM sílẹ̀.

Ẹ yọ okùn iná, kí ẹ sì dùbúlẹ̀ kọ̀ǹpútà náà. Ìdùbúlẹ̀ yìí ṣe pàtàkì: bí ó bá wà ní ìdúró, heatsink tó wúwo á máa fa processor sí ìsàlẹ̀ bí ẹ ṣe ń tú u. Ẹ tú síkúrù heatsink ní ìgún sí ìgún, díẹ̀díẹ̀. Ẹ nu paste, ọ̀rá tó wà láàárín heatsink àti processor, kúrò. Bí síkúrù férémù socket bá ju ọ̀kan lọ, nọ́ḿbà máa ń wà fún wọn. Láti nọ́ḿbà ńlá sí kékeré ni ẹ ó tú wọn. Ẹ fa processor jáde, kí ẹ fi isopropyl alcohol àti aṣọ tí kì í tú òwú nu àwọn ojú wúrà abẹ́ rẹ̀. Paste tó yọ́ wọ ibẹ̀ wà lára ohun tó ń fa ìṣòro yìí jù.

Ẹ wá wo socket. Ẹ má fi ọwọ́ kàn án, ẹ má fẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ yín á wọ̀ ọ́. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì fóònù sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gba orí pin kọjá. Gbogbo wọn gbọ́dọ̀ dán bákan náà ní ìlà-ìlà. Èyí tó bá dán lọ́tọ̀, tàbí tí kò dán, ti tẹ̀.

Bí kò bá sí èyí tó tẹ̀, ẹ dá processor padà, kí ẹ fún síkúrù férémù; bí ó bá ju ọ̀kan lọ, ẹ tẹ̀lé nọ́ḿbà láti 1 títí dé òpin. Ibí ni wọ́n ti ń ba nǹkan jẹ́. Screwdriver T20 tó ń ka agbára ìfúnmọ́ ni kí ẹ lò, kí ẹ sì fún un dé iye tí ìwé motherboard kọ. Bí ó bá dẹ̀ jù, ọ̀nà RAM á sọnù. Bí apá kan bá le ju apá kejì lọ, òmíràn á sọnù, ẹ ó rò pé àìsàn tuntun ni. Threadripper tó wà nínú páálí rẹ̀ sábà máa ń ní screwdriver yìí, ó máa ń dún kà bí ó bá ti tó. EPYC tòkunbọ̀ kì í bá a wá, ẹ ra tiyín. Síkúrù heatsink náà ń ti processor: ní ìgún sí ìgún ni kí ẹ fún un, ẹ má parí ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹ tó kan èkejì.

Ẹ fi RAM kan ṣoṣo tan án nínú ihò tó sọnù tẹ́lẹ̀, bí ìwé motherboard bá gba ihò yẹn láàyè. Bí ó bá rí i, ẹ fi ìyókù sí i. Bí kò bá rí i lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ gbé processor náà sórí motherboard míì. Bí ọ̀nà kan náà bá sọnù níbẹ̀, processor ló ní àrùn.

Bí ẹ bá rí pin tó tẹ̀, ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ tún un ṣe nílé. Ẹ dé socket náà, kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní microscope, tó sì ti tún irú rẹ̀ ṣe rí. Kí ẹ tó fi lé e lọ́wọ́, ẹ ya fọ́tò pin náà, kí ẹ lè mọ̀ bí ó bá dá a padà pẹ̀lú méjì tó tẹ̀ dípò ọ̀kan.