Ojú Àwọ̀n Ni Kó Ṣa Ẹja: Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Apẹja

A ò wá kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń ju àwọ̀n. Ọ̀rọ̀ ẹja kéékèèké tí ẹ ń ṣà nínú ọkọ̀, tí ẹ ń dà padà sómi, tí ẹ wá ń ní ẹ ti dá sí, la bá wá. Ọ̀pọ̀ wọn ti kú, ẹja tó ti kú kì í sì í dàgbà. Inú omi ni kí ojú àwọ̀n ti jẹ́ kí kékeré lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní 1,000 ẹja ọlọ́dún kan wà lómi, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn 100 gíráàmù: 100 kílò nìyẹn. Ká ní ìdá kan nínú márùn-ún ń kú fúnra wọn lọ́dọọdún. Lọ́dún kejì, 800 ló kù. Bí wọ́n bá ti wọn 250 gíráàmù, ó di 200 kílò. Lọ́dún kẹta, 640 ní 400 gíráàmù: 256 kílò. Lọ́dún kẹrin, 512 ní 480 gíráàmù: kò tó 246 kílò mọ́, ikú ti ya ìdàgbà sílẹ̀. Ọdún kẹta ni kí ẹ pa á.

Ẹni tó jẹ gbèsè á ní òun ò lè dúró. Láti ọdún kejì sí ìkẹta, ìwọ̀n ẹja yẹn fi ìdá 28 nínú 100 pọ̀ sí i. Bí èlé gbèsè yín bá ju ìyẹn lọ lọ́dún, tí iye owó kílò kan ò sì yí padà, ẹ pa á lọ́dún kejì, a ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n láti ọdún kìíní sí ìkejì, ó di ìlọ́po méjì gbáko! Èlé wo ló tó bẹ́ẹ̀?

Ẹ rin àwọ̀n lómi, ẹ di kókó méjì tó kọjú síra nínú ojú kan mú, ẹ fà á le, ẹ wọ̀n ọ́n. Ojú 20 ni kí ẹ wọ̀n. Lásìkò tí ẹja ń yé, ẹ la abo 30, kékeré àti ńlá, ẹ kọ gígùn wọn sílẹ̀. Gígùn tí ìdajì wọn ti ní ẹyin ni ààlà yín; bí èyí tó pọ̀ jù nínú ẹja yín bá kúrú jù ú lọ, ẹ pààrọ̀ àwọ̀n sí èyí tí ojú rẹ̀ tóbi ju èyí tí ẹ wọ̀n lọ. Ẹ má sì fi àwọ̀n olójú kékeré bọ inú olójú ńlá. Àwọn tó ń ṣe é mọ ara wọn.

Nínú omi àjùmọ̀ní, ẹni tó bá nìkan dúró kí ẹja dàgbà ń tọ́jú ẹja fún ẹlòmíì ni. Ọjọ́ kan náà ni kí gbogbo ẹgbẹ́ pààrọ̀ àwọ̀n. Owó yóò kọ́kọ́ dínkù, torí náà, ẹ bá ẹni tó yá yín lówó sọ̀rọ̀ kí ẹ tó ra àwọ̀n tuntun.