Bí Mo Ṣe Kọ Ìtàn Ìgbésí Ayé Ihsan Nuri Paşa ní Èdè Wa

Mo ti parí ìtàn Ihsan Nuri Paşa, ọ̀gágun Kurd tó darí ọ̀tẹ̀ sí Tọ́kì ní òkè Ararat, tí mò ń kọ fún àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn ìtàn ayé. Bí mo ṣe ṣe é rèé.

Máàpù ni mo kọ́kọ́ tẹ́ síwájú. Àwọn Kurd jẹ́ ẹ̀yà kan tí kò ní orílẹ̀-èdè tiwọn; ilẹ̀ wọn pín sábẹ́ Tọ́kì, Ìráànì, Ìráàkì àti Síríà. Ẹni tí kò bá rí èyí, ìtàn náà kò lè yé e. Mo fi bírò pupa yí ìlú Bitlis ní Tọ́kì, tí wọ́n ti bí Ihsan Nuri, ká, mo sì yí òkè Ararat náà ká, òkè tó ga ju 5,100 mítà lọ.

Ọdún ni mo wá tò, ibẹ̀ ló sì gbà mí lákòókò jù. Ọ́físà nínú ọmọ ogun Ottoman ni Ihsan Nuri, ìyẹn ìjọba tó ṣáájú Tọ́kì òde òní tó padà kọjú ìjà sí; ibẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ ogun. Kí ló yí i lọ́kàn padà? Ní 1920, àdéhùn Sèvres, tí àwọn tó borí nínú Ogun Àgbáyé Kìíní bá ìjọba Ottoman ṣe, jẹ́ kí àwọn Kurd máa retí ilẹ̀ tiwọn. Nígbà tí àdéhùn Lausanne tó rọ́pò rẹ̀ dé ní 1923, kò dárúkọ wọn rárá. Ní 1924, Tọ́kì fòfin de ilé ẹ̀kọ́ tó ń fi èdè Kurd kọ́ni. Ọdún yẹn náà lòun àti àwọn ọ́físà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣọ̀tẹ̀ ní ìlú Beytüşşebap ní Tọ́kì, tí kò yọrí sí rere, tí wọ́n sì sá lọ sí Ìráàkì. Mo to gbogbo rẹ̀ tẹ̀léra, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ọ̀tẹ̀ náà kàn ṣàdédé bẹ́ ni.

Ti Ararat kò ṣòro. Ẹgbẹ́ Xoybûn, ẹgbẹ́ àwọn Kurd tó ń jà fún òmìnira, bẹ̀rẹ̀ ní 1927, wọ́n sì fi Ihsan Nuri ṣe olórí ogun. Ní 1930, Tọ́kì fi bàálù àti ọmọ ogun rẹpẹtẹ borí wọn, Ihsan Nuri sì kọjá sí Ìráànì.

Iye òkú ni mi ò kọ, torí ohun tí Tọ́kì ń sọ yàtọ̀ sí tàwọn Kurd.

Ọdún mẹ́ta ni ogun Ararat, ṣùgbọ́n Ihsan Nuri lò ju ogójì ọdún lọ ní Ìráànì, títí tó fi kú ní Tehran ní 1976. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé nípa ogun náà. Ó dùn mí pé gbólóhùn kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ fi ń gbé àwọn ọdún yẹn kọjá. Èmi fún wọn ní orí kan gbáko.